Ìyé Àgbà àti Ológbò Tí Inú Rẹ̀ Le

Nígbà tí a ń ṣọ́fọ̀ Ìyé Àgbà, àwọn èèyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n ní oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ọkùnrin kan tí ó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láti ọjọ́ pípẹ́ kí ó má baà bá ẹnu rẹ̀ pàdé, òun náà nu ojú, ó ní ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni obìnrin náà mọ̀ ọ́n sọ. Mo yọ́jú wo inú pósí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè mọ̀ bóyá òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá fún wa. Òun náà ni. Ó tilẹ̀ fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tí ó ti mú èsì sílẹ̀.

Ìyá tí ó bí bàbá mi ni. Ìyé ni àwa ará Òkun ń pe ìyá, nítorí náà Ìyé Àgbà ni mo ń pè é láti ìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀. Ọmọ Bùnù ni, láti Odò-Apẹ, tí wọ́n fẹ́ wá sí Kábà. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Kàdúná, ó sì fi mí sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí n lè máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí n sì máa ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọdún náà, òyìnbó aláṣẹ ṣì ń gbé lórí òkè, ọkọ̀ akẹ́rù sì lè gba gbogbo ọjọ́ kí ó tó ti Lọ́kọ́jà dé. Bí ẹ bá ń retí pé kí n to ìtàn ayé rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá, ẹ má bínú. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó sì máa ń sọ pé ẹni tí ó bí òun nígbà náà ni kí a lọ bi. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí mo fojú rí, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ìgbẹ́ ológbò.

Kòkànyín ni ológbò náà ń jẹ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ sí aládùúgbò lójú, a máa fi sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, kí ó lè máa ké e ní gbangba láìjẹ̀bi. Ìyé Àgbà kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí kò lè sọ sí ẹnikẹ́ni lójú, ṣùgbọ́n ó gbádùn kí ó máa tún un sọ. Láràárọ̀ ni yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa pè, "Kòkànyín! Kòkànyín o! Wá jẹun!" Àwọn obìnrin agbo ilé tí wọ́n ń gbálẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ̀ na ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Ìyàwó Bàbá Sámúẹ́lì, tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa, kò lè mú un mọ́ra ní ọjọ́ kan. Ó bi í pé ta ni ó ń pòwe mọ́. Ìyé Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ológbò ni mo pè, ìwọ lo dáhùn."

Bàbá Sámúẹ́lì yìí ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ohùn ńlá, ó sì mọ àdúrà gígùn gbà. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ẹranko ló mú kí Ìyé Àgbà ní ológbò. Òfì ló ń hun, òfì àdúróhun tí àwọn obìnrin wa máa ń fi ti ara ògiri, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnù fi ń sin ìjòyè ni ó sì mọ̀ ọ́n hun jù. Eku kò mọ aṣọ ìjòyè yàtọ̀ sí èkísà. Wọ́n ń jẹ òwú rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jẹ aṣọ tí ó kù díẹ̀ kí ó parí lórí òfì. Bàbá Álíù, oníṣòwò obì tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ni ó fún un ní ọmọ ológbò kan nígbà tí tirẹ̀ bímọ. Mùsùlùmí ni Bàbá Álíù, ológbò kò sì bà á lẹ́rù. Àwa onígbàgbọ́, tí a ti fi gbogbo ìbọ̀rìṣà sílẹ̀, àwa ló ń sá fún ológbò. Ẹran àjẹ́ ni a kà á sí. Obìnrin tí ó jẹ́ opó, tí ó tún jẹ́ àjèjì láti Bùnù, tí ẹnu rẹ̀ tún mú, ẹ wo ohun tí ó kù kí ó fi kún un. Ó lọ mú ológbò wálé.

Kòkànyín pa eku náà. Èyí kò sẹ́ni tí ó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni inú rẹ̀ ti le. Orí ẹja gbígbẹ àti egungun ló fẹ́ràn, omi ni ó sì kórìíra. A lè gbé omi kalẹ̀ fún un láti òwúrọ̀ di alẹ́, yóò kàn wò ó, yóò gbójú kúrò. Nígbà tí ó bá wá fẹ́ yàgbẹ́, yóò lóṣòó, yóò fún ara, kò ní í rí nǹkan kan yà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igbe náà kì í ṣe igbe ológbò tí ẹ mọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, bíi ti ọmọ tí òtútù mú, yóò máa gòkè, nígbà tí ó bá dé òkè tán, yóò dúró síbẹ̀ kò ní í sọ̀ mọ́. Lẹ́yìn gbogbo ariwo yìí, kóró kan tí ó le bí èkùrọ́ ni a ó rí. Ní ọjọ́ mìíràn, a kò ní í rí nǹkan kan rárá.

Nílé wa, ìkíni àárọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Òkun o, Ìyé." Yóò ní, "Òkun. Ó ti ṣe é?" Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni ó ń béèrè. Bí mo bá ní ó ti ṣe é, yóò béèrè bóyá ó gbẹ tàbí ó rọ̀, bí ó bá sì rọ̀, inú gbogbo ilé máa dùn, ó tilẹ̀ lè bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Bí mo bá ní kò ṣe é, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Èmi ni mò ń pọn iyanrìn láti etí odò wá fún ìdí ìkòkò fífọ́ tí Kòkànyín ń lò. Iyanrìn náà gbọ́dọ̀ kúnná, kò gbọdọ̀ ní òkúta, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyé Àgbà ní ológbò tí kò bá fẹ́ràn ilé ìgbẹ́ rẹ̀ yóò mú un mọ́ra, èyí tí ó bá sì mú mọ́ra ni yóò di òkúta sí i nínú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ronú bẹ́ẹ̀ nípa ṣáláńgá tiwa. Ó ní iyanrìn ti ń tán.

Lẹ́yìn iyanrìn, ó kan oúnjẹ. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti fara hàn, Ìyé Àgbà kò jẹ́ kí ó fẹnu kan egungun mọ́. Yóò rẹ ẹja sínú omi títí iyọ̀ rẹ̀ á fi jáde, yóò sè é, yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa ṣa egungun rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò wá pò ó mọ́ omi ẹja tí ó pọ̀ àti ilá díẹ̀ tí ó ti lọ̀ kúnná. Bí omi kò bá ṣe é mu, ó ní, a ó fi ọbẹ̀ tàn án jẹ. Ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀! Nínú ilé kan náà, èmi ń fi eyín já orí ẹja mọ́ iyán. Inú bí mi. Mo ní, "Ìyé, èmi ńkọ́? Ta ni yóò yọ egungun tèmi?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìwọ ń yàgbẹ́."

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó kan òrí. Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ fi ṣíbí bu òrí sí ológbò lẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ di ara rẹ̀ ní àmùrè. A gbìyànjú rẹ̀, àpá rẹ̀ ṣì wà lápá mi. Ìyé Àgbà rí ọgbọ́n dá sí i. Ológbò kò lè fara da ìdọ̀tí lára, nítorí náà ó ń fi òrí díẹ̀ yí i ní àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú, á sì lọ jókòó sídìí òfì rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Kòkànyín á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á bínú, á sì lá a tán. Òrí díẹ̀ ni o. Ó ní bí ó bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ gbuuru ni a ó máa gbá. Ó máa ń ṣe é láìsọ̀rọ̀, àfi ọjọ́ kan tí ó wò mí tí ó ní, "Ohun tí o bá fi sí i lẹ́nu, yóò tu ú. Ohun tí o bá fi yí i lára, yóò lá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ rí."

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ikùn. Yóò na ọwọ́ sórí ẹ̀yinná títí ọwọ́ náà á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò tẹ́ ológbò náà sórí itan, yóò máa rọra fi àtẹ́lẹwọ́ ra ikùn rẹ̀ láti ìhà lọ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní èdè Bùnù, irú ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Mo jowú, mi ò ní í fi pamọ́. Ní ọjọ́ kan mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo ní inú ń run mí, mo sì ká aṣọ sókè kí ó lè rọrùn fún un. Ó wá dúró lé mi lórí, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Dìde, lọ mu omi."

Mo bi í nígbà kan pé ìgbà wo ni àìsàn náà máa san tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àìsàn kan wà tí a kì í wò sàn, ńṣe là ń bá wọn gbé. Bí a bá ṣe ohun tó yẹ lónìí, ọ̀la á rọrùn díẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, á padà. "Bí a ṣe ń bá àna gbé náà ni," ó ní, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn Bàbá Sámúẹ́lì.

Bàbá mi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ó gba ìsinmi wá láti Kàdúná, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ funfun tí ó gùn dé orúnkún, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń ra ikùn ológbò, ojú tì í. "Hábà, Ìyé! Ayé ti là. Àwọn òyìnbó ti ṣe oògùn èyí." Ó mú agolo kékeré kan jáde nínú àpótí rẹ̀, egbòogi ìṣunú tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹran jù. Ìyé Àgbà ní kó dá a padà síbi tó ti mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ sọ́jà, bàbá mi po egbòogi náà, ó di ológbò mú, ó sì rọ ọ́ fún un. Ọ̀làjú náà ṣiṣẹ́. Kòkànyín bì, ó ṣu omi, ó ṣu títí kò fi sí nǹkan mọ́ nínú rẹ̀, ó wá na gbalaja sẹ́bàá ògiri, kò lè gbé orí.

Nígbà tí Ìyé Àgbà dé, kò pariwo. Ìyẹn ló bà wá lẹ́rù. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó mú òwú, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán an sí ológbò lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ẹran náà fi gbé orí. Inú rẹ̀ tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí gbogbo omi ara rẹ̀ ti tán. Bàbá mi ní òun kò mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Ìyé Àgbà ní, "Ilẹ̀kùn tí wọ́n há láti inú, ẹni tí ó bá fi èjìká fọ́ ọn kò ṣí i. Ó ti di ẹni tí kò ní ilẹ̀kùn." Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi rántí lójijì pé ọ̀rẹ́ òun kan ń retí òun ní Mọ̀pà, ibẹ̀ ni ó sì ti parí ìsinmi rẹ̀.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ náà ká tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́. Ọyẹ́ tí ó tẹ̀lé e le. Gbogbo nǹkan gbẹ, inú ológbò náà sì wà lára ohun tí ó gbẹ. Ní àkókò kan náà, ara ọmọ Sámúẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Sámúẹ́lì ni àkọ́bí Bàbá Sámúẹ́lì, inú agbo ilé wa náà ló ń gbé. Bí ọmọ bá sunkún ní àfẹ̀mọ́júmọ́, bí ó bá ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí Kòkànyín wà lórí iyanrìn rẹ̀, igbe méjèèjì á pàdé lókè. Ẹlòmíràn á ní ọyẹ́ ló fa méjèèjì. Bàbá Sámúẹ́lì kì í ṣe irú ẹni tí ọyẹ́ lè tàn jẹ. Ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi, ó gbàdúrà kí Ọlọ́run pa ẹran kan tí ń fi ohùn èèyàn ké ní agbo ilé kan lẹ́nu mọ́, tòun ti ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Gbogbo orí yí sí bẹ́ǹṣì wa. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìyé Àgbà ló ṣe àmín tó lọ sókè jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn ibà, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti gbéra, ẹjọ́ ẹbí kì í sì í padà sílé lófo. Wọ́n pe ìpàdé sí àgbàlá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Olórí ẹbí jókòó sáàárín, bàbá arúgbó tí ó máa ń di ojú nígbà tí ó bá ń ronú, tí a kì í sì í mọ ìgbà tí ìrònú náà bá di oorun. Bàbá Álíù wá gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò. Bàbá Sámúẹ́lì wọ agbádá funfun. Ó kí gbogbo èèyàn, "Òkun o, ẹ̀yin àgbà," ó sì rò ó débi tí omi bọ́ lójú àwọn obìnrin kan. Ó ní igbe náà kì í ṣe igbe ẹranko. Ó ní òun kò bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n pa ológbò náà, kí ìyàwó náà sì kó òfì rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Odò-Apẹ kí ọmọ tó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó tún fi kún un, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, pé yàrá rẹ̀ á wúlò fún ìyàwó Sámúẹ́lì.

Olórí ẹbí la ojú, ó ní, "Ìyàwó wa, kí lo rí sí i?"

"Òkun o, bàbá," ni Ìyé Àgbà wí. "Inú ẹran náà le. Bí ó bá fẹ́ yàgbẹ́ tí kò rí i yà, á ké. Ìgbẹ́ ni Bàbá Sámúẹ́lì ń gbọ́ tí ó ń gbàdúrà sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí? Wọ́n yíjú sí Bàbá Álíù, kí ó sọ, òun tí ó mọ ológbò. Ó ní wàláhì, inú ológbò lè le bíi ti èèyàn. A mí kanlẹ̀. Ó wá fi kún un pé àmọ́, ìyá ológbò yìí tí ó wà lọ́dọ̀ òun kò ké bẹ́ẹ̀ rí. Olóòótọ́ èèyàn ni Bàbá Álíù, òótọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ariwo tún sọ, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ní kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ mọ́, kí obìnrin náà lọ lónìí.

Ìgbà yẹn ni ó dìde. Ó ní, "Tò. Ẹ jókòó. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ ó gbọ́ igbe náà níbí, lójú yín, ẹ ó sì rí ohun tí ó fà á. Bí ẹ kò bá rí i, kí ẹnikẹ́ni má lé mi o. Èmi fúnra mi ni n ó kó òfì mi."

Èmi ni mo ń pààrọ̀ iyanrìn, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní àná. Òun náà mọ̀, nítorí mo ti sọ fún un kí a tó jáde. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, kò wò mí. Ó ní kí n gbé ìkòkò iyanrìn wá, kí n gbé omi ẹja wá, kí n fọn ẹ̀yinná sínú àpáàdì. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà Kábà, ó na ọwọ́ sí iná náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ikùn ológbò.

Àwọn àgbà wa mọ ìṣe wọn. Wọ́n lè dá ẹjọ́ ilẹ̀ kan títí àwọn tó ń jà sí i yóò fi kú. Ní ọjọ́ náà, wọ́n jókòó de ìgbẹ́ ológbò, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tòun ti fìlà lórí. Wọ́n sọ̀rọ̀ iṣu, wọ́n sọ̀rọ̀ owó orí, wọ́n pín obì Bàbá Álíù. Kòkànyín lá omi ẹja tán, ó sì sùn. Bàbá Sámúẹ́lì ń wo òjìji rẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ó ṣe ń kúrú, ó ń kọ orin ìyìn sábẹ́ imú. Nígbà tí ó yá, ológbò náà dìde. Ó rìn lọ síbi iyanrìn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kọjá lọ, ó sì lọ nà sábẹ́ agbádá Bàbá Sámúẹ́lì níbi tí òjìji wà. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí wọn. Ìyé Àgbà rọra lọ gbé e, ó padà síbi ẹ̀yinná, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìhà. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo ní nínú mi pé obìnrin yìí mọ ohun tí a kò mọ̀.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí nígbà tí Kòkànyín jábọ́ lórí itan rẹ̀, tí ó sáré lọ sínú ìkòkò, tí ó walẹ̀, tí ó lóṣòó. Ó sì ké. Igbe náà gòkè, ó dúró síbẹ̀, ìyàwó Sámúẹ́lì sì di ọmọ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni, gbogbo ojú ló sì ń wò ó: ológbò kékeré kan tí ó di ojú, tí ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń fún ara pẹ̀lú gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún un. Kò sí àjẹ́ tí ó rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn bò ó, ó sì lọ jókòó, ó ń lá ara rẹ̀.

Olórí ẹbí, tí a rò pé ó ti sùn, ní, "Kí ẹnì kan wò ó."

"Ta ni?"

"Ẹni tó pẹjọ́."

Bàbá Sámúẹ́lì ká agbádá rẹ̀ léjìká, ó mú igi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dìde.

"Kí lo rí?"

"Ìgbẹ́ ni."

"Ó gbẹ àbí ó rọ̀?" ni Ìyé Àgbà béèrè láti ibi tí ó jókòó sí.

"Ó gbẹ," ni ó wí. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí mo gbọ́ tí ọkùnrin yẹn jẹ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti níta, ìyẹn nìkan ni ó kúrú, tí ó sì jẹ́ òótọ́.

Olórí ẹbí ní ẹjọ́ ti parí. Ó ní ẹbí ti dárí jì ìyàwó wọn, kí ó máa gbé inú ilé rẹ̀. Ìyé Àgbà dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù lára ìró rẹ̀. "Ẹ ṣé o," ó ní. "N ó bi ológbò bóyá òun náà dárí jì yín." Ó gbé ẹran rẹ̀, ó sì wọlé lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ gún. Bàbá Álíù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Mo sáré tẹ̀lé e. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fò. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti jókòó sílẹ̀ nídìí òfì, ó ń sunkún. Mi ò rí i kí ó sunkún rí. Mo rò pé ayọ̀ ni.

"Ìyé, ó ti tán. Ẹ ti borí wọn."

"Bí kò bá ṣe é ńkọ́?"

"Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó máa ṣe é."

"Ta ló mọ̀ ọ́n?" ó ní. "O gbọ́ tí ológbò bá mi ṣe ìpinnu?"

Mo ní bí kò bá tilẹ̀ ṣe é, a ó kàn kó lọ sí Odò-Apẹ ni, sí ilé bàbá rẹ̀.

"Ilé wo?" Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ilé bàbá mi ti wó. Àbúrò mi tó kẹ́yìn níbẹ̀ ti kú. Kò sí ẹnì kan ní Odò-Apẹ tí yóò ṣílẹ̀kùn fún mi." Ó wo yàrá náà yíká, ògiri, apẹ̀rẹ̀ òwú, aṣọ tí ó wà lórí òfì. "Ibí yìí nìkan ni mo ní, mo sì fi ta tẹ́tẹ́ níwájú wọn nítorí ẹnu mi."

Mo jókòó tì í. Nígbà tí ó yá, ó ní kí n lọ pààrọ̀ iyanrìn.

Ó gbé inú yàrá náà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ó sin olórí ẹbí, ó sin Bàbá Sámúẹ́lì, ó sì hun aṣọ. Lẹ́yìn ìṣọ́fọ̀ náà, àwọn ọmọ ẹbí tí wọn kò tíì dáyé nígbà yẹn pe mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní nítorí pé ọmọ Bùnù ni ìyá, ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo ní ilé rẹ̀ nìyí. Inú àgbàlá náà ni a sin ín sí.